Nígbà Tí Bóòtù Bíréèkì Bá Ń Yí Lófo

Díìsìkì iwájú àti páàdì ni mo ní kí wọ́n bá mi pààrọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọgbà mẹkáníìkì kan ni, ní Ajégúnlẹ̀, kò jìnnà sí Boundary, níbi tí ariwo trélà tó ń lọ Apápá kì í ti í dákẹ́. Ọmọ iṣẹ́ ló dùbúlẹ̀ sábẹ́ Corolla mi. Iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó ku kó fún bóòtù tó kẹ́yìn. Mo ń gbọ́ ìró sípánà rẹ̀: ó le, ó tún le, ó wá ṣàdédé rọ̀. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọ̀gá, ó ti ń yí o."

Ọ̀gá rẹ̀ kò bi í pé kí ló ń yí. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ gbólóhùn yẹn bí ìyá ṣe mọ igbe ọmọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ lásán yọ bóòtù náà, ó sì gbé e sókè sínú oòrùn. Okùn irin tín-ín-rín kan ti lọ́ mọ́ ọn lára bí irun ṣe ń lọ́ mọ́ ìyarun. Okùn irin yẹn kò wá láti ara bóòtù. Inú ihò tí bóòtù wọ̀ ló ti wá. Eyín inú ihò ti gé tán, bóòtù ló kó wọn jáde.

Tírẹ́ẹ̀dì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é, wọ́n á ní "tírẹ́ẹ̀dì ti jẹ." Èmi fẹ́ràn kí n pè é ní eyín, torí ti bóòtù àti ti ihò ń wọ inú ara wọn bí eyín òkè ṣe ń pàdé ti ìsàlẹ̀. Bí ọ̀kan bá ká, èkejì kò rí nǹkan dì mú mọ́.

Kí ni bóòtù yìí tilẹ̀ ń ṣe níbẹ̀? Nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì ni ẹsẹ̀ yín ń tì. Ọ́ìlì gba inú páìpù tín-ín-rín lọ ti písítìnì tó wà nínú kálípà, písítìnì sì fi páàdì méjì há díìsìkì mọ́ àárín, bí ìgbà tí èèyàn fi àtàǹpàkò àti ìka di etí ọmọ olórí kunkun mú. Díìsìkì ń yí pẹ̀lú táyà. Bí páàdì bá ti há a, ohun tó kù tó fẹ́ ṣe ni kó gbé kálípà lọ, kí àwọn méjèèjì jọ máa yí. Ohun tí kò jẹ́ kó rí i gbé lọ ni bóòtù méjì péré, tó de férémù kálípà mọ́ irin ńlá tó gbé họ́ọ̀bù dání. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré tó ń rìn ní Èkó, bóòtù méjì yìí ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ ronú ọkọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Ìjọra, tí ọlọ́kadà já wọ iwájú rẹ̀ lójijì.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣe nǹkan kan. Ẹ mú bébà, ẹ gé e sí igun mẹ́ta tó gùn, kí ẹ wé e mọ́ ara pẹ́ńsù. Etí rẹ̀ tó dàgẹ̀rẹ̀ á máa pọ́n pẹ́ńsù náà lọ, yíká yíká, títí dé òkè. Ohun tí tírẹ́ẹ̀dì jẹ́ nìyẹn: òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n wé mọ́ ọ̀pá. Bóòtù tó nípọn ní mílímítà 12, tí àlàfo eyín rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1.5, bí ẹ bá yí i po lẹ́ẹ̀kan, kò wọlé ju mílímítà 1.5 yẹn lọ, bẹ́ẹ̀ ìyíká ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílímítà 38. Ìrìn gígùn fún gíga díẹ̀. Awakọ̀ trélà tó bá ti gbé kọ̀ǹténà gun afárá rí mọ èrè tó wà níbẹ̀: òkè tó bá rọra gùn ni agbára díẹ̀ lè fi gbé ẹrù ńlá.

Ẹrù náà sì tóbi ju bí ojú ṣe rí i lọ. Lára Corolla tí wọ́n ṣe láàárín 2003 sí 2008, iye tí ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n fún bóòtù ńlá yẹn dé ni 107 Nm. Ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà yẹn dẹ́rù bà yín. Bí sípánà yín bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25, tí ẹ sì fi ìwúwo bíi kílò 44 tẹ ìdí rẹ̀, ẹ ti dé 107. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú irin nígbà yẹn: bóòtù ń nà. Orí rẹ̀ ti kan férémù, kò lè lọ mọ́, ẹ sì ń yí i síbẹ̀, ara rẹ̀ á wá fà bíi rọ́bà, ìwọ̀n tí kò tó irun kan. Irin kò fẹ́ràn kí wọ́n na òun. Ó fẹ́ padà sí bó ṣe wà, ìfẹ́ àtipadà yẹn ló sì ń fún férémù mọ́ irin họ́ọ̀bù. Ní 107 Nm, ìfúnmọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwúwo tọ́ọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀. Corolla kan kò wúwo ju tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n so Corolla mẹ́ta, kódà ó lé, kọ́ bóòtù kan ṣoṣo.

Gbogbo ẹrù yẹn, orí eyín ló wà. Eyín náà kò sì pín in dọ́gba. Eyín àkọ́kọ́ tó sún mọ́ orí bóòtù jùlọ ló ń ru nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, èkejì ru èyí tó kéré sí i, títí dé àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá tí wọ́n kàn ń bá wọn dúró lásán. Nítorí náà, bí eyín àkọ́kọ́ bá gé, ẹrù rẹ̀ bọ́ sórí èkejì, ìyẹn náà gé, ó bọ́ sórí ẹ̀kẹta. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ yẹn gbọ́ ní ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn nígbà tí bóòtù le, tó sì ṣàdédé rọ̀.

Ta ló jẹ̀bi? Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í le koko. Nínú ọgbà mẹkáníìkì, orúkọ agbára ni páìpù. Ẹ ti rí i: páìpù irin tó gùn tó mítà kan, tí wọ́n kì bọ ìdí sípánà. Ọkùnrin tó wọn kílò 70, bó bá fi gbogbo ara rẹ̀ lé ìparí páìpù yẹn, á fún bóòtù ní nǹkan bíi 690 Nm. Ó lé ní ìlọ́po mẹ́fà iye tó yẹ. Páìpù kò burú fún títú. Ohun tó burú ni kéèyàn fi fún bóòtù pa. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló sì gbà pé bíréèkì ṣe pàtàkì, nítorí náà kí àwọn fún un dé ibi tí agbára bá mọ. Inú rere ni, ó kàn ń ba eyín jẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ mọ́ páìpù. Lápá tiwa níhìn-ín, àìsàn náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Ní èbúté Tin Can, ìyẹn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Apápá, tí wọ́n ṣí ní 1977, ọkọ̀ tòkunbọ̀ kì í yéé sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lo ọdún mẹ́wàá, kódà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní àríwá Amẹ́ríkà àti ní Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yẹn àti omi jọ ń ta sí abẹ́ ọkọ̀. Bóòtù á dógùn-ún, ihò á dógùn-ún, àwọn méjèèjì á sì lẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé irin kan náà ni wọ́n. Ọkọ̀ náà á wá dé Ajégúnlẹ̀, ibi tí ilẹ̀ rẹlẹ̀, tí omi máa ń dé orókún bí òjò bá rọ̀, tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà kò sì jìnnà. Ajé gúnlẹ̀ lóòótọ́, ìpẹtà sì bá a gúnlẹ̀. Lára ọkọ̀ tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe irin họ́ọ̀bù rẹ̀, ó tún burú jù: ìyẹ̀fun funfun kan á hù sáàárín irin àti alumíníọ̀mù, ẹ ó sì rí i pé bóòtù á máa fa gbogbo eyín ihò jáde bó ṣe ń bọ̀. Ẹni tó bá ní sùúrù á ta ọ́ìlì tó ń wọnú ìpẹtà sí i lálẹ́, á sì fi sílẹ̀ di àárọ̀. Á fi òòlù kan orí bóòtù jẹ́jẹ́. Á kọ́kọ́ yí i síhà fífún, ìwọ̀n díẹ̀ báyìí, kó lè já ìpẹtà, kó tó wá yí i síhà títú. Bó bá ti ń jáde tó tún le, á yí i padà wọlé díẹ̀, á ta ọ́ìlì, á tún fà á.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì kéré lójú, òun ló sì ń ba ihò tuntun jẹ́. Gbogbo mẹkáníìkì ló ní abọ́ kan tí wọ́n ń da bóòtù àlòkù sí. Wọ́n á fi ọwọ́ rò ó bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n á mú èyí tó jọ ọ́. Bóòtù méjì lè nípọn bákan náà ní mílímítà 12, kí sípánà kan náà máa tú wọn, síbẹ̀ kí àlàfo eyín ọ̀kan jẹ́ 1.25, ti èkejì 1.5. Ẹ wo nọ́ọ̀tì táyà: ti Toyota àti ti Honda jẹ́ 1.5, ti Nissan jẹ́ 1.25. Ẹ fi ọ̀kan sórí èkejì, á yí ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ ó rò pé ó ti gbà, á sì le. Bí ọwọ́ bá dúró níbẹ̀, kò sí wàhálà. Bí sípánà bá tẹ̀ síwájú, eyín kan á máa gé eyín kejì.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n eyín yìí ti pẹ́. Títí di 1841, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní Britain ló ń gé eyín bó ṣe wù ú. Ẹni tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá sọnù ní láti padà lọ bá ẹni tó ṣe é. Ọdún yẹn ni Joseph Whitworth dábàá ìwọ̀n kan ṣoṣo fún gbogbo wọn, tí igun eyín rẹ̀ jẹ́ dígírì 55. Ní 1864, William Sellers ní Philadelphia dábàá igun dígírì 60 fún àwọn ará Amẹ́ríkà, 60 náà sì ni ìwọ̀n mílímítà tí à ń lò lónìí mú. Nígbà tí wọ́n ṣí èbúté Apápá ní 1926, eyín Whitworth ló ń pàṣẹ lára ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ iṣẹ́ tòní kò gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà rí, ṣùgbọ́n bí bóòtù ìwọ̀n yẹn bá há sínú abọ́ rẹ̀, á pàdé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sábẹ́ Corolla mi. Ọ̀gá mẹkáníìkì ní kí n má dààmú, ó ní òun á fi òwú àti gọ́ọ̀mù dì í, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Òótọ́ ló sọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, àyàfi táyà. Òwú, fọ́ìlì inú páálí sìgá, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fà yọ láti inú okùn iná: mo ti rí wọn lára ọkọ̀ àwọn èèyàn. Wọ́n á jẹ́ kí bóòtù le lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí bóòtù le lọ́wọ́ yàtọ̀ sí kó fún nǹkan mọ́ra ní tọ́ọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀. Gọ́ọ̀mù tún wà létí díìsìkì tó ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí omi bá ta sí i, á hó. Ó máa rọ̀. Wẹ́dà ńkọ́? Àwọn kan máa ń fi iná jó bóòtù mọ́ ihò. Irin họ́ọ̀bù tí wọ́n dà, èyí tí wọ́n ń pè ní káàsì, kì í fara da iná wẹ́dà. Ó lè sán lẹ́yìn ìgbà tó bá tutù tán, ojú kò sì ní rí ibi tó ti sán. Yàtọ̀ síyẹn, ọjọ́ tí díìsìkì bá tún gbó, báwo lẹ ṣe fẹ́ tú u?

Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú gbogbo àtúnṣe ni pé eyín ta ló lọ. Bó bá jẹ́ ti bóòtù, ẹ ra bóòtù tuntun tí ìnípọn, gígùn àti àlàfo eyín rẹ̀ bá a mu, kí nọ́ńbà orí rẹ̀ má sì kéré sí ti àtijọ́. Nọ́ńbà yẹn, 8.8 tàbí 10.9, ni okun irin náà. Bóòtù tí kò ní nọ́ńbà kankan lórí, ẹ fi í kan àga. Bó bá jẹ́ bóòtù kékeré tó di kálípà mọ́ pín-ìnnì tó ń yọ̀ síwá sẹ́yìn, inú pín-ìnnì ni ihò wà, ẹ pààrọ̀ pín-ìnnì, ó tán. Bó bá jẹ́ ihò tí ọ́ìlì bíréèkì ń gbà kọjá lára kálípà, yálà ti họ́ọ̀sì tàbí ti ibi tí wọ́n ti ń tú afẹ́fẹ́ jáde, ìmọ̀ràn mi ni pé ẹ pààrọ̀ kálípà. Ihò yẹn kò kàn ń di nǹkan mú, ó ń dí ọ́ìlì lọ́nà pẹ̀lú, jíjò ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ tó wọlẹ̀ láìrí bíréèkì.

Èyí tó ku ni ti irin họ́ọ̀bù, bí tèmi. Ojútùú ibẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń ṣe mí ní kàyéfì pé kò wọ́pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sípíríǹgì kékeré kan wà, tí orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí ni Helicoil. Láti àwọn ọdún 1930 ló ti wà. Wáyà irin tí kì í dógùn-ún ni, tí wọ́n ká yíká yíká. Bí ẹ bá gé wáyà náà wò, igun mẹ́rin ni ojú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá yí i wọ inú ihò, igun tó kọjú síta á di eyín tó jẹ ògiri ihò, igun tó kọjú sínú á di eyín tuntun tí bóòtù àtijọ́ máa wọ̀, ìwọ̀n kan náà.

Iṣẹ́ rẹ̀ gba ọwọ́ tó balẹ̀. Wọ́n tú irin họ́ọ̀bù kúrò lára ọkọ̀, nítorí inú kòtò ẹsẹ̀ táyà kì í ṣe ibi tí dírílì ti lè dúró ṣánṣán. Wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ lathe. Apápá kò ṣàìní wọn, ọkọ̀ ojú omi àti trélà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí wọn. Dírílì tó fi díẹ̀ nípọn ju bóòtù lọ ló kọ́kọ́ kó ìyókù eyín àtijọ́ dànù. Lẹ́yìn náà ni táàpù, irin tó ń gé eyín, tó jẹ́ ìwọ̀n ti sípíríǹgì, kì í ṣe ti bóòtù. Mo dúró ti baba tó ṣe tèmi. Ó yí táàpù síwájú ní ìdajì, ó dá a padà díẹ̀ kí èérún irin lè já, ó tún yí i síwájú. Káàsì ni, nítorí náà kò ta nǹkan kan sí i, èérún rẹ̀ ń dà sílẹ̀ bí aáṣáà. Ó ní ká ní alumíníọ̀mù ni, kẹrosíìnì ni òun ì bá ta sí i, torí alumíníọ̀mù máa ń lẹ̀ mọ́ táàpù. Ó fọ ihò, ó gbẹ ẹ́, ó wá fi irinṣẹ́ rẹ̀ yí sípíríǹgì wọlé. Sípíríǹgì yẹn fẹ̀ ju ihò lọ díẹ̀. Ó ní láti fún ara rẹ̀ kó tó wọlé, bó bá ti wọlé tán, á tú ara sílẹ̀, á sì fi gbogbo ara ti ògiri. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í jáde. Ó jẹ́ kó rì sísàlẹ̀ etí ihò ní nǹkan bí ìdajì ìyípo, ó fi irin ṣá ìrù kékeré tó wà nídìí rẹ̀, ìrù náà já, ó mú un jáde.

Ṣé ó lágbára tó ti ilé iṣẹ́? Nínú alumíníọ̀mù, ó sábà máa ń ju ti ilé iṣẹ́ lọ, nítorí eyín tó wọ ara alumíníọ̀mù ti tóbi sí i, sípíríǹgì sì máa ń pín ẹrù ká ju bí bóòtù lásán ṣe ń pín in lọ. Ohun tó lè bà á jẹ́ ni ihò tí kò tọ́. Bí dírílì bá tẹ̀, bóòtù á tẹ̀, férémù kálípà kò ní jókòó dáadáa, ẹ̀gbẹ́ kan páàdì á sì máa jẹ tán ṣáájú èkejì. Bí etí tí ihò náà wà lára rẹ̀ bá ti sán, tàbí tí ẹnìkan ti fi dírílì fẹ̀ ẹ́ jù nítorí bóòtù tó tóbi sí i, ẹ má bá a ṣe àtúnṣe mọ́. Ẹ lọ sí ọjà Ládípọ̀, ẹ ra irin họ́ọ̀bù mìíràn, kí ẹ sì wo ihò rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ọmọ iṣẹ́ yẹn náà ló dá gbogbo rẹ̀ padà. Lọ́tẹ̀ yìí, ìka rẹ̀ ló fi yí bóòtù wọlé títí ó fi kan ilẹ̀, kó tó mú sípánà, ọ̀gá rẹ̀ sì gba páìpù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wa ọkọ̀ náà láti Boundary dé Warehouse Road láìsáré, mo ń tẹ bíréèkì wò, mo sì padà lọ́jọ́ kejì kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò. Kò mira.

Bí páàdì nìkan lẹ bá fẹ́ pààrọ̀, bóòtù ńlá méjì yẹn kò kàn án lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Bó bá sì di dandan kí wọ́n tú wọn, ẹ má lọ jókòó sẹ́bàá títì. Ẹ dúró, ẹ wo ìka mẹkáníìkì yín. Bí sípánà bá kan bóòtù kí ìka tó yí i wọlé nígbà mẹ́ta, ẹ ní kó dúró.